Orí èèyàn dúdú tó wà lára àmì ìlú kan ní Jámánì: kí ló fa ìjà gan-an?

Tí ẹ bá dé Coburg, ìlú kan ní apá àríwá Bavaria ní Jámánì, ẹ má wòkè nìkan, ẹ wolẹ̀ náà. Lára àwọn ìdérí gọ́tà tí mọ́tò ń gùn kọjá lójú títì, ẹ máa rí orí ọkùnrin dúdú kan tí wọ́n yà síbẹ̀, ó kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, irun ẹ̀ ká bíi tiwa, yẹtí wà létí ẹ̀, ètè ẹ̀ nípọn. Orí yẹn kan náà ló wà lára àmì ìlú àti lórí ìwé káńsù. "Mohr" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Jámánì àtijọ́ fún èèyàn dúdú, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, lójú wọn ó dà bíi pé ó ní kí wọ́n lọ hú òkú bàbá wọn.

Ní 2020 ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé ń jáde fẹ̀hónú hàn, àwọn obìnrin méjì láti Berlin gbé ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé káwọn èèyàn fọwọ́ sí i kí Coburg lè pààrọ̀ àmì yẹn, pé yẹtí yẹn àti ètè yẹn, irú àwòrán táwọn òyìnbó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn dúdú láti ayé ẹrú ni. Kò pẹ́ táwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ náà gbé tiwọn jáde pé kí wọ́n fi Mohr àwọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́, àwọn tó fọwọ́ sí tiwọn sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlú ò pààrọ̀ nǹkan kan. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń rọlẹ̀, á tún ru sókè, bí iná abẹ́ eérú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò rọrùn bó ṣe rí lórí Twitter o. Torí orí yẹn kì í ṣe orí ẹrú rárá, orí ẹni mímọ́ ni, ọ̀gá ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Maurice. Àwọn tó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára àmì ìlú náà, ẹ ò ní gbà gbọ́, àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler, ni. Màá padà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn àmì yìí jẹ́ fún Jámánì, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Wappen ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn àti Waffen, ìyẹn ohun ìjà, inú kan náà ni wọ́n ti jáde. Ní nǹkan bí 1150 sókè, àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ní Yúróòpù ti ń fi irin bo ara, àṣíborí náà wá ń bo ojú, o ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó ń bọ̀ níwájú ẹ yìí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ ni àbí ọ̀tá tó fẹ́ pa ẹ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kun asà, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Kí ó lè hàn látọ̀ọ́kán, wọ́n fi òfin sí i: góòlù àti fàdákà ò gbọ́dọ̀ lé ara wọn, àwọn àwọ̀ yòókù bíi pupa, búlúù, dúdú àti gíríìnì náà ò gbọ́dọ̀ lé ara wọn, ọ̀kan láti apá ibí lórí ọ̀kan láti apá ọ̀hún ni. Ẹ wo ti Coburg, orí dúdú lórí góòlù, àtòkèèrè lẹ ti máa rí i.

Nígbà tí bàbá kú, ọmọ gba asà. Ibẹ̀ ló ti di ti ìdílé, ó di ti ilẹ̀ tí ìdílé náà ń jọba lé lórí, ó wá di ti ìlú, torí àwọn ìlú náà nílò òǹtẹ̀ tí wọ́n á máa tẹ̀ sí ìwé. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹni yìí ọmọ erin ni, tọ̀hún ọmọ ọ̀pó ni, àmọ́ tiwa, ẹnu la fi ń kì í, tiwọn, wọ́n ń yà á. Wọ́n sì ń fi jà sí ogún. Ìyẹn gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání: ẹranko tí ẹ bá rí lára asà Jámánì, ẹnì kan ló ń fi sọ pé ilẹ̀ ibí yìí, tèmi ni.

Ẹ wo kìnnìún Hesse àti ti Thuringia. Ìpínlẹ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni, kìnnìún kan náà ló wà lára àmì àwọn méjèèjì, abilà pupa àti funfun lórí búlúù. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí ti ẹnì kejì. Ìdílé kan ló ń jọba lórí ilẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, ẹni tó gbẹ̀yìn lára àwọn ọkùnrin wọn kú ní 1247 láì ní ọmọ, ìjà ogún bá bẹ́. Ọ̀kan lára àwọn tó ń du ogún yìí ni obìnrin kan, Sophie, ọmọ Elisabeth Mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì mọ̀ dáadáa, ó ń jà fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó ṣì kéré, Heinrich, tí ìtàn ṣì ń pè ní Heinrich Ọmọdé títí dòní, ó dàgbà ó darúgbó orúkọ yẹn ò kúrò lára ẹ̀. Ní 1264 ni wọ́n tó parí ìjà: Heinrich mú Hesse, ìdílé míì mú Thuringia, kò sì sẹ́ni tó gbà láti fi kìnnìún sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún tí wọ́n jọ ń lò ó.

Báwo lẹ ṣe máa wá dá wọn mọ̀? Ìràwọ̀. Ti Thuringia ní ìràwọ̀ mẹ́jọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí àwọn Jámánì lé àwọn ọba wọn kúrò, ìpínlẹ̀ kéékèèké méje para pọ̀ ní 1920 di Thuringia, wọ́n fi ìràwọ̀ méje sí i. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn tí Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn padà di ọ̀kan ní 1990, wọ́n fi ìkẹjọ kún un fún àwọn ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba Prussia tẹ́lẹ̀, bí ìlú Erfurt. Coburg náà ì bá ti wà nínú ìràwọ̀ yẹn o! Wọ́n ní kó bá wọn lọ, àwọn ará Coburg dìbò ní 1919 pé àwọn ò lọ, ní July 1920 wọ́n wọ Bavaria. Ìdí nìyẹn tí Coburg fi jẹ́ ti Bavaria lónìí, bẹ́ẹ̀ ìdílé ọba Saxony ló ni ín látilẹ̀, ìdílé tí Albert ọkọ Kuín Fitóríà ti wá.

Ti Bavaria fúnra ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín. Òfin tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ jáde ní 1950, wọ́n sì kó gbogbo mọ̀lẹ́bí, ìyẹn àwọn agbègbè inú ẹ̀, síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìnáwó: kìnnìún góòlù fún Upper Palatinate, eyín funfun mẹ́ta lórí pupa fún Franconia, ẹkùn búlúù fún Bavaria àtijọ́, kìnnìún dúdú mẹ́ta fún Swabia, wọ́n tún wá gbé asà kékeré aláwọ̀ funfun àti búlúù sí àárín. Funfun àti búlúù tí gbogbo ayé fi mọ Bavaria yẹn, tí ẹ ń rí níbi ọdún bíà ní Munich, wọ́n jogún ẹ̀ ni. Àwọn olóyè Bogen ló ni ín, nígbà tí ìdílé yẹn kú tán ní 1242, ọba Bavaria kó ilẹ̀ wọn, ó kó àwọ̀ wọn náà. Àwọn kìnnìún Swabia mẹ́ta wá tún wà lára àmì ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, àwọn náà ní apá kan Swabia wà lọ́wọ́ àwọn, kí ló dé táwọn ò ní lò ó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìlú Mainz. Ó wà lára àmì ìpínlẹ̀ Rhineland-Palatinate, ẹ tún máa bá a lára àmì Erfurt tó jìnnà gan-an, torí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz ló ń ṣàkóso Erfurt nígbà kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Willigis tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà níbẹ̀ láti 975 sí 1011, ẹni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni bàbá ẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n ń jowú ẹ̀ lọ fi ẹfun ya ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí ògiri ilé ẹ̀ láti bú u. Ó jí, ó rí i, ó ní ẹ ṣeun, ó pe ayàwòrán pé kó kùn ún dáadáa kó hàn, òun á máa fi rántí ibi tóun ti wá. Ìtàn yẹn ò lè jẹ́ òótọ́ bẹ́ẹ̀, torí Willigis ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó máa lo irú àmì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun táwọn ará ibẹ̀ fẹ́ gbà gbọ́ nípa àmì wọn: èébú tó di iyì.

Ó tún ní ti ẹṣin funfun. Ìpínlẹ̀ Lower Saxony lò ó, ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia náà lò ó, wọ́n ní ìrù ló yà wọ́n, ti Westphalia ru ìrù sókè. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ẹṣin dúdú ni Widukind, olórí àwọn Saxon, ń gùn nígbà tó ṣì jẹ́ kèfèrí, nígbà tó wá gba ìrìbọmi ní 785 lẹ́yìn tí ọba Charlemagne ṣẹ́gun ẹ̀, ẹṣin náà di funfun. Kèfèrí dúdú, onígbàgbọ́ funfun, ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ná. Ojú yìí ló jẹ́ kí ti Maurice máa yà mí lẹ́nu.

Maurice, tàbí Mauritius bí àwọn Látìnì ṣe ń pè é, wọ́n ní ọ̀gá ọmọ ogun Róòmù ni, láti agbègbè Thebes ní Íjíbítì. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹta, olú-ọba Maximian ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹ̀ lọ́wọ́ sí ohun tí ẹ̀sìn wọn ò gbà, àwọn kan sọ pé láti bọ òrìṣà Róòmù ni, àwọn míì sọ pé láti pa àwọn Kristẹni ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n kọ̀, ó ní kí wọ́n pa gbogbo wọn, níbi tó wá di Saint-Maurice ní Switzerland lónìí. Otto Kìíní, ọba Jámánì tó wá padà di olú-ọba, kọ́ ilé ìsìn kan ní orúkọ ẹ̀ sí ìlú Magdeburg ní 937, Maurice wá di ẹni mímọ́ àwọn olú-ọba Jámánì. Fún ìgbà pípẹ́, bí òyìnbó ni wọ́n ń yà á. Ní nǹkan bí 1240 sí 1250 ni ẹnì kan gbẹ́ ère ẹ̀ sínú kàtídírà Magdeburg, ère yẹn ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ fi Maurice hàn bí èèyàn dúdú, imú wa, ètè wa, ẹ̀wù irin lára, kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan sọ pé àwọn olú-ọba ìgbà yẹn fẹ́ káyé mọ̀ pé ìjọba wọn dé ibi gbogbo. Ó lé ní igba ọdún lẹ́yìn náà tí ayàwòrán Grünewald ya Maurice fún káádínà kan ní Halle, tó fi ẹ̀wù fàdákà àti adé sí i, tó ń bá bíṣọ́ọ̀bù funfun kan sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ó wà ní Munich, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kó lọ wò ó.

Maurice yìí ló jẹ́ ẹni mímọ́ Coburg, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, Moriz. Orí ẹ̀ ni wọ́n fi sára àmì. Nígbà tó di 1929, Coburg di ìlú àkọ́kọ́ ní Jámánì tí ẹgbẹ́ Násì ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ní 1934 wọ́n yọ èèyàn dúdú yẹn kúrò, wọ́n fi idà tó ní àmì Násì lórí sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ogun ní 1945, àwọn ará ìlú dá Maurice padà. Ẹ ti wá rí ìdí tí inú fi ń bí wọn tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yọ ọ́: wọ́n á ní ẹ̀yin àti Hitler wá ń sọ nǹkan kan náà ni.

Kì í ṣe Coburg nìkan o. Ìlú Freising ní Bavaria náà ní orí èèyàn dúdú tó dé adé lára àmì àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí Joseph Ratzinger tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà níbẹ̀ di Póòpù Benedict ní 2005, ó gbé orí yẹn lọ sára àmì Póòpù fúnra ẹ̀, pẹ̀lú béárì kan tó gbé ẹrù. Béárì yẹn, wọ́n ní ó pa ẹṣin Corbinian Mímọ́ jẹ nígbà tó ń lọ sí Róòmù, Corbinian ní ṣé o ti jẹun tán, ó dáa, ìwọ lo máa gbé ẹrù ẹ̀ dé Róòmù. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, ó dùn mọ́ mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ ni bí ìtumọ̀ "Mohr" ṣe ń yí padà. Látinú Maurus ti Látìnì ló ti wá, ìyẹn ará àríwá Áfíríkà. Nígbà tí òwò ẹrú bẹ̀rẹ̀, ó wá di orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń jí gbé láti ọ̀dọ̀ wa wá ṣe ìránṣẹ́ ní ààfin. Idì pupa tó wà lára àmì ìpínlẹ̀ Brandenburg títí dòní, ẹ mọ̀ pé ó ti fò dé etí òkun wa? Ní 1683 àwọn ará Brandenburg kọ́ fọ́òtì kan tí wọ́n ń pè ní Groß Friedrichsburg sí ibi tó jẹ́ Gánà báyìí, wọ́n ta àsíá tó ní idì pupa yẹn síbẹ̀, wọ́n ń ta èèyàn. Àárín àsìkò yẹn náà ni Mohrenstraße, Òpópónà Mohr, yọ ní Berlin. Láyé yẹn kan náà ni wọ́n gbé ọmọ kékeré kan, Anton Wilhelm Amo, láti apá Axim ní Gánà lọ fún ọba kan ní Jámánì. Ọmọ yẹn lọ sí yunifásítì Halle, ní 1729 ó gbèjà iṣẹ́ kan níbẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn Maurus ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ló lò, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń pẹjọ́ síra wọn, ní 2025 wọ́n yọ orúkọ Mohrenstraße, wọ́n fi ti Amo sí i.

Kódà Tógò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní asà Jámánì tiẹ̀. Ní 1914, ìjọba Berlin ti ń ya àmì fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà, ti Kamẹrúùnù jẹ́ orí erin, ti Tógò jẹ́ igi ọ̀pẹ pẹ̀lú ejò méjì, wọ́n á wá gbé ẹyẹ idì Jámánì lé gbogbo ẹ̀ lórí. Ṣé ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ilẹ̀ ibí yìí tèmi ni? Àwọn èèyàn wa tó wà ní Atakpamé ní Tógò ì bá jí lọ́jọ́ kan bá ejò méjì lórí ìwé owó orí. Ogun bẹ́ lọ́dún yẹn kí wọ́n tó fàṣẹ sí i, Jámánì sì pàdánù Tógò.

Tèmi ni pé ti òpópónà Berlin àti ti Coburg kì í ṣe ọ̀kan. Òpópónà yẹn, ẹ̀yà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ẹni tó ní orúkọ níbẹ̀. Ti Coburg, èèyàn kan pàtó ni, ó ní orúkọ, ó ní ìtàn, ó kú ikú akọni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ kí gbogbo àmì Jámánì wá ku kìnnìún àti béárì nìkan, kí ni ìyẹn ṣe fún wa? Àmọ́ àwọn tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án náà ń tan ara wọn jẹ, torí yẹtí yẹn ò sí ní Magdeburg. Ọ̀gá ọmọ ogun ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Èyí tó wà lórí gọ́tà, ìránṣẹ́ ààfin ni ayàwòrán ní lọ́kàn, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀.

Wọ́n sì lè tún un yà láì pààrọ̀ àmì rárá. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàpèjúwe asà ni òfin, bí ayàwòrán ṣe yà á wà lọ́wọ́ kálukú. Ẹ wo idì ìjọba àpapọ̀ Jámánì: èyí tó wà lórí ìwé ìrìnnà wọn tín-ín-rín, èékánná ẹ̀ le, èyí tó wà lára ògiri ilé aṣòfin, tí Ludwig Gies ṣe ní 1953 nígbà tí olú-ìlú ṣì wà ní Bonn, sanra débi pé adìyẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹyẹ kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ń kó padà sí Berlin ní 1999, wọ́n tún ya adìyẹ yẹn kó lè bá ilé tuntun mu, kò sẹ́ni tó pariwo pé wọ́n ti ba ìtàn Jámánì jẹ́.

Kí Coburg rán ayàwòrán kan lọ sí Magdeburg. Kò jìnnà. Ère yẹn ṣì wà nínú kàtídírà níbẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ojú ẹ̀.